Ìlà Ọgbà Ìgbafẹ́ Àti Ọmọ Tí Kò Lè Dúró Pẹ́

Bí ọdún Iléyá tàbí ọdún Kérésìmesì bá ti wọlé dé, ọ̀pọ̀ òbí tó ń gbé ní Gwarinpa, ní olú-ìlú ilẹ̀ wa Àbújá, ni í kó àwọn ọmọ wọn jáde lọ ṣe fàájì. Àwọn kan á lọ sí etí adágún omi Jabi. Àwọn mìíràn á gba Kúkwábà lọ, níbi tí ọgbà ìgbafẹ́ Magicland wà nítòsí pápá ìṣeré Moshood Abiola, ọgbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń pè ní Wonderland, orúkọ tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà sí Ìbàdàn yóò rántí irú rẹ̀ ní Bódìjà, ẹni tó bá sì dàgbà sí Èkó yóò rántí ti Àpápá. Gbogbo ọgbà wọ̀nyí ló ní ohun kan tí wọ́n fi jọra: bí ọjọ́ ọdún bá ti kó ènìyàn jọ, ìlà ni a ń tò kí a tó dé ìdí ẹ̀rọ ìṣeré kọ̀ọ̀kan. Ìlà yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ dá lé lórí.

Ìbéèrè náà rọrùn láti bi, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ǹjẹ́ ó yẹ kí ọmọ tí ara rẹ̀ kò gbà á láyè láti dúró lórí ìlà fún wákàtí kan gba ọ̀nà mìíràn dé ìdí ẹ̀rọ ìṣeré? Bí ó bá yẹ bẹ́ẹ̀, ta ni yóò sọ ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà á láyè? Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ìṣeré lásán nìyí, pé nígbà tí àwọn àkàndá ẹ̀dá ṣì ń wá iṣẹ́, ilé ìwé àti ìtọ́jú kiri, kí ni a ń fi ẹ̀rọ tó ń yí ṣe? N kò fara mọ́ èrò yẹn. Ibi tí kò sí ẹni tí ebi ń pa, tí kò sí ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu, tí ohun tí a ń pín kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lórí ẹ̀rọ kan lọ, ibẹ̀ ni a ti lè rí ohun tó wà lọ́kàn wa sí ọmọ ọlọ́mọ láìsí àwáwí kankan.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí òfin sọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé òfin tilẹ̀ dá sí ọ̀rọ̀ ìlà rárá. Ní oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá, èyí tí àwọn aṣòfin ṣe ní ọdún 2018, lẹ́yìn tí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jà fún un. Nínú òfin náà, a kọ ọ́ láìfi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ pé níbikíbi tí a bá ti ń tò, àwọn àkàndá ẹ̀dá ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá lóhùn, àti pé níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí a dá wọn lóhùn láìjẹ́ kí wọ́n tò rárá. Òfin náà kò sọ pé ilé ìfowópamọ́ nìkan tàbí ilé ìwòsàn nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ó sọ pé ìlà. Ẹni tó bá sì ya àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ nítorí ipò ara rẹ̀ lè san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà tàbí kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí kí ó fara gba méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ ló jẹ̀bi, mílíọ̀nù kan náírà ni owó ìtanràn rẹ̀.

Ó yẹ kí a rántí pẹ̀lú pé ilẹ̀ Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá. Ọdún 2007 ni a fọwọ́ sí i, ọdún 2010 ni a sì fi òǹtẹ̀ lù ú. Abala ọgbọ̀n nínú àdéhùn náà sọ̀rọ̀ nípa ìgbafẹ́, fàájì àti eré ìdárayá, ó sì dárúkọ àwọn ọmọdé ní pàtó, pé kí wọ́n ní àǹfààní láti ṣeré bí àwọn ọmọ yòókù. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí a ṣe ní ọdún 2003 náà ka ìsinmi àti eré sí ẹ̀tọ́ ọmọ. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé eré kì í ṣe ohun tí òfin ń bójú tó kò tíì ka òfin.

Bí òfin ti wà yìí, kí ló dé tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ojú ewé ìlera? Ìdí rẹ̀ ni pé ìdúró lórí ìlà fúnra rẹ̀ lè sọ ọmọ di aláìsàn. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ẹni tó bá wà lórí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara tàbí tó ń fi ọ̀pá tilẹ̀ nìkan ni ìlà ń ni lára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ tilẹ̀ lè pẹ́ lórí ìlà ju ẹni tó gbé àrùn sára láìhàn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà, bí ó bá jókòó sójú kan pẹ́ jù láìyí ara padà, lè ní egbò ní ìdí àti ní ẹ̀yìn.

Ẹ wo ọmọ tó ní àrùn fònikú-fọ̀ladìde. Ilẹ̀ Nàìjíríà ni a ti ń bí ọmọ tó ní àrùn yìí jù lọ ní gbogbo àgbáyé. Ohun tí àwọn onímọ̀ ìlera fojú díwọ̀n ni pé iye wọn tó 150,000 lọ́dọọdún. Nínú ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ pupa tó yẹ kó rí roboto máa ń tẹ̀ bíi dòjé nígbà tí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn bá dín kù nínú rẹ̀, yóò sì há sínú àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó tínínrín. Ibi tó bá há sí ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ohun tó sì máa ń fa èyí ni àìmu omi tó, oòrùn tó mú jù, òtútù, àárẹ̀ àti ìdààmú ọkàn. Ẹ wá fi ojú inú wo ọjọ́ kejì ọdún Kérésìmesì ní Àbújá: ọyẹ́ ń fẹ́, afẹ́fẹ́ gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ètè ń là, òtútù mú ní òwúrọ̀, oòrùn sì mú ganrínganrín ní ọ̀sán. Ọmọ yìí dúró sórí ìlà fún wákàtí kan ààbọ̀, kò fẹ́ mu omi kí ó má bàa fẹ́ tọ̀, nítorí pé ẹni tó bá kúrò lórí ìlà ti pàdánù àyè rẹ̀. Kò sí ohun kan lójú rẹ̀ tó sọ pé ara rẹ̀ kò yá. Ní òru ọjọ́ yẹn ni àwọn òbí rẹ̀ yóò máa sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Àfín náà ńkọ́? Ara àfín kò ní ohun tó ń dáàbò bo awọ ara lọ́wọ́ oòrùn bí tàwa yòókù. Oòrùn wákàtí kan lè jó awọ rẹ̀, bí èyí bá sì ń ṣẹlẹ̀ léraléra láti kékeré, ó lè di àrùn jẹjẹrẹ awọ ara. Ojú rẹ̀ kì í sì í ríran jìnnà dáadáa, nítorí náà kò lè ka ohun tí wọ́n kọ sára pátákó tó wà níwájú ìlà. Ní ọ̀pọ̀ ọgbà ìgbafẹ́ tí mo ti dé, ìta gbangba ni ìlà máa ń wà, òrùlé kì í sì í bo ju ìdí ẹ̀rọ náà lọ.

Ọmọ tó ní ipò ọpọlọ tí a ń pè ní ọ́tísíìmù ni àwọn ènìyàn kì í lóye jù. Etí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè máa gbọ́ ariwo ju bí a ti ń gbọ́ ọ lọ. Orin tó ń lọ láti ẹ̀rọ agbóhùnsáfẹ́fẹ́, igbe àwọn ọmọ tó wà lókè, fèrè tí ẹ̀rọ ń fun, gbogbo rẹ̀ á pa pọ̀ lù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò fẹ́ kí ara ẹlòmíràn kan ara òun, bẹ́ẹ̀ ìlà ọjọ́ ọdún kì í fi àlàfo sílẹ̀ láàárín ẹnìkan àti ẹnìkejì. Ọ̀rọ̀ pé kí ó ní sùúrù díẹ̀ sí i kò ní ìtumọ̀ sí i bí kò bá mọ ìgbà tí sùúrù náà yóò dópin. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti kọjá agbára rẹ̀, yóò kígbe, yóò fi orí lu ilẹ̀, tàbí kí ó já kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kí ó sì sá wọ àárín ọkọ̀. Àwọn tó wà lórí ìlà á ní ọmọ náà kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Mo mọ ìyá kan ní Gwarinpa tí èyí ṣẹlẹ̀ sí ní ọgbà ìgbafẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Nígbà tó bẹ òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn dúró sí ibi ìbòòji títí yóò fi kàn wọ́n, òṣìṣẹ́ náà wo ọmọ láti òkè délẹ̀, ó ní, "Màmá, kí ló ṣe é? Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kúkú pé." Àwọn tó wà lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín.

Mo lè ka àwọn mìíràn sí i: ọmọ tó ní ikọ́ ìfé, tí eruku ọyẹ́ ń há ní ọ̀fun; ọmọ tó ní wárápá; ọmọ tó ń lo ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, tí ibi tí ẹsẹ̀ náà ti so mọ́ ara rẹ̀ ń bó nígbà tó bá dúró pẹ́; ọ̀dọ́ tí àtọ̀gbẹ mú ní kékeré, tí ó gbọ́dọ̀ jẹun lásìkò. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2022 pé nínú ènìyàn mẹ́fà-mẹ́fà láyé, ẹnìkan ní ìpèníjà ara tàbí ti ọpọlọ tó lágbára, iye wọn sì jẹ́ bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù ọ̀ọ́dúnrún. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ìlà ọjọ́ ọdún kan ní Kúkwábà tí irú wọn kò sí níbẹ̀, yálà a rí wọn tàbí a kò rí wọn.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí ọgbà ìgbafẹ́ ti di òwò ńlá, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lẹ́nu wọn, ẹ̀kọ́ sì wà níbẹ̀ fún wa, èyí tó dára àti èyí tí kò dára. Ilé iṣẹ́ Disney, tó ní ọgbà ní ìpínlẹ̀ California láti ọdún 1955 àti ní Florida láti ọdún 1971, máa ń fún àwọn àkàndá ẹ̀dá ní káàdì kan tó ń jẹ́ kí wọ́n gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Kò pẹ́ tí àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ fi mọ̀ ọ́n. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013, ìwé ìròyìn kan ní New York gbé e jáde pé àwọn olówó kan ń háyà àkàndá ẹ̀dá láti bá wọn rìn nínú ọgbà, kí àwọn ọmọ wọn tí ara wọn dá ṣáṣá lè fo ìlà. Ọ̀rọ̀ náà bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, Disney pa káàdì náà tì, wọ́n sì gbé ìlànà mìíràn kalẹ̀.

Ìlànà tuntun yìí ló wù mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Wọn kò jẹ́ kí ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́ ṣáájú ẹnikẹ́ni mọ́. Bí ìlà bá jẹ́ ti ìṣẹ́jú àádọ́ta, wọn á sọ fún un pé kí ó padà wá lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú àádọ́ta. Òun náà ń dúró bí àwọn yòókù, ṣùgbọ́n ibi tó bá ara rẹ̀ mu ni ó ti ń dúró: lábẹ́ ìbòòji, níbi tí kò sí ariwo, níbi tó ti lè mu omi kí ó sì lọ sí ilé ìtura. Kò sí ẹni tí wọ́n gba àyè rẹ̀. Olówó tó fẹ́ fo ìlà kò sì ní èrè kankan nínú rẹ̀ mọ́, nítorí pé àsìkò kan náà ni gbogbo wọn yóò fi dúró.

Síbẹ̀, kò tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn. Àwọn òbí kan tí ọmọ wọn ní ọ́tísíìmù gbé ilé iṣẹ́ náà lọ sílé ẹjọ́, wọ́n ní àwọn ọmọ kan wà tí kò lè lóye pé kí wọ́n lọ kí wọ́n sì padà wá, ibikíbi tí wọ́n ìbáà dúró sí. Ní ọdún 2020, adájọ́ kan ní Florida dá Disney láre nínú ọ̀kan lára irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó sì di ọdún 2024, Disney fún okùn náà le sí i. Wọ́n ní ìlànà náà wà ní pàtàkì fún àwọn tó ní ọ́tísíìmù tàbí irú ipò ìdàgbàsókè ọpọlọ bẹ́ẹ̀ tí kò jẹ́ kí wọ́n lè dúró pẹ́ lórí ìlà, wọ́n sì kìlọ̀ pé ẹni tí àwọn bá mú pé ó parọ́ kò ní wọ ọgbà àwọn mọ́ láéláé. Àwọn tó ní àìsàn mìíràn ni wọ́n ń sọ fún pé kí wọ́n tò, kí wọ́n jáde bí ó bá di dandan, kí wọ́n sì padà sáàárín ìlà. Ní ọdún 2025, wọ́n tún pè wọ́n lẹ́jọ́ ní California lórí èyí.

Lójú tèmi, ohun tí Disney ṣe ní ọdún 2013 bọ́gbọ́n mu, ti ọdún 2024 ni kò tọ̀nà. Kì í ṣe orúkọ àìsàn ló ń sọ bóyá ènìyàn lè dúró lórí ìlà. Àwọn ọmọ méjì lè ní ọ́tísíìmù kí ọ̀kan dúró fún wákàtí méjì kí èkejì má lè dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọmọ tó ní fònikú-fọ̀ladìde kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ni oòrùn lè dá dùbúlẹ̀. Bí a bá fẹ́ kó ìlànà kan wọlé láti òkè òkun, ẹ má jẹ́ kí a kó èyí tó ń fi àkọsílẹ̀ orúkọ àrùn yọ ènìyàn sọ́tọ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà tí wọ́n gbà yàtọ̀ díẹ̀. Káàdì kan wà níbẹ̀ tí ènìyàn lè gbà lẹ́yìn tó bá ti fi ẹ̀rí hàn, ọ̀pọ̀ ọgbà ìgbafẹ́, gbọ̀ngàn orin àti pápá ìṣeré ló sì ń gbà á. Àmì tó wà lára káàdì náà kò sọ àrùn tó ń ṣe ènìyàn, ohun tó nílò ni ó ń sọ: pé kò lè dúró pẹ́, tàbí pé ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti pápákọ̀ òfurufú Gatwick ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016 láti máa fi okùn ọrùn aláwọ̀ ewé tó ní òdòdó sunflower lára dá àwọn tí ìpèníjà wọn kò hàn lójú mọ̀. Àwọn ìbátan wa tó ń gbé ní London mọ okùn yìí dáadáa.

Bí mo bá sọ gbogbo èyí fún àwọn ènìyàn ní Àbújá, èsì tí mo máa ń gbà ni pé ní ilẹ̀ wa yìí, bí a bá ṣí ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, gbogbo ènìyàn ni yóò di aláìsàn ní ọjọ́ ọdún. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ta ni ń fo ìlà ní Àbújá lónìí? Ṣé ọmọ aláàbọ̀ ara ni? Ọ̀gá tó ní ọlọ́pàá lẹ́yìn ni. Ẹni tó mọ máníjà ni. Ẹni tó rọra fi owó sí ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni. Gbogbo wa máa ń rí wọn, a máa ń kùn sínú, a ó sì yà fún wọn. Nígbà tí ìyá kan tó gbé ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò dá pọ̀n bá wá ní kí a jọ̀wọ́ jẹ́ kí òun kọjá, ìgbà náà ni a ń rántí ìdọ́gba, ìgbà náà ni ohùn wa ń jáde. N kò rò pé ẹ̀rù irọ́ ló ń bà wá. Ẹni tí kò lágbára láti dá wa lóhùn ni a ń bá wí.

Ó tilẹ̀ ṣe mí ní kàyéfì pé àwa Yorùbá ni a ń ṣe èyí, àwa tí àwọn baba wa máa ń pe abuké, àfín àti arọ ní ẹni òòṣà, tí wọ́n sì gbà pé ẹni tó bá fi wọ́n ṣẹ̀sín ń fi iṣẹ́ ọwọ́ Ọbàtálá ṣẹ̀sín ni. Ẹ̀sìn lè yàtọ̀ lónìí. N kò sì sọ pé ayé àtijọ́ rọrùn fún wọn.

Ẹ̀rí wà pé a lè ṣe é bí a bá fẹ́. Ní ọjọ́ ìdìbò, àjọ elétò ìdìbò INEC ti fi í sínú ìlànà rẹ̀ pé kí àwọn àkàndá ẹ̀dá, àwọn aboyún tí oyún wọn hàn, àwọn ìyá tó ń tọ́mọ àti àwọn arúgbó kọ́kọ́ dìbò. Ìlà ìdìbò gùn ju ti ọgbà ìgbafẹ́ lọ, inú sì máa ń bí àwọn ènìyàn níbẹ̀ jù. Síbẹ̀, ní ibùdó ìdìbò tí mo ti dìbò ní Gwarinpa ní ọdún 2023, bàbá arúgbó kan dé pẹ̀lú ọ̀pá, kò sí ẹni tó pariwo lé e lórí. Ní oṣù kejì ọdún kan náà, nígbà tí owó náírà tuntun di ọ̀wọ́n, tí ìlà sì gùn níwájú àwọn báńkì láti òwúrọ̀ kùtùkùtù, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, ẹni tó lágbára ló ń dé iwájú. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọjọ́ méjèèjì ni pé ní ibùdó ìdìbò, òṣìṣẹ́ kan wà tó mọ ohun tí ìlànà sọ, tó sì ń sọ ọ́ sókè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni ọgbà ìgbafẹ́ ní Àbújá àti ní ilẹ̀ Yorùbá kò ná wọn lówó púpọ̀. Tábìlì kan lẹ́nu ọ̀nà, òṣìṣẹ́ kan tí a ti kọ́ ní iṣẹ́ náà, àti ìwé pélébé tí a lè kọ aago sí. Òbí á sọ ohun tí ọmọ kò lè ṣe, kì í ṣe orúkọ àrùn rẹ̀ níwájú gbogbo ayé. Òṣìṣẹ́ á wo bí ìlà ẹ̀rọ náà ti gùn tó, á kọ aago tí wọn yóò padà wá sí i. Kí iye àwọn tó lè bá ọmọ náà wọlé ní ìwọ̀n, bóyá àwọn mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí a má bàa rí ogún ènìyàn lẹ́yìn ọmọ kan. Kí ẹnikẹ́ni má gba owó lórí rẹ̀, nítorí pé ọjọ́ tí a bá ti ń tà á ni yóò ti di ti olówó. Àwọn kan lè parọ́. Bí wọ́n bá parọ́, wọn yóò dúró fún iye àkókò kan náà, nítorí náà irọ́ wọn kò pa ẹnikẹ́ni lára púpọ̀. N kò fara mọ́ ọn pé kí a máa béèrè ìwé dókítà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ òbí kò ní in, ìlà tí wọn yóò tò ní ilé ìwòsàn kí wọ́n tó rí i gbà sì le ju èyí tí wọ́n ń sá fún lọ.

Fún ìwọ̀nba àwọn ọmọ tí kò lè lóye lílọ àti bíbọ̀, àwọn tí mo sọ pé òbí wọn lọ sílé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà, kí òṣìṣẹ́ ní àṣẹ láti jẹ́ kí wọ́n wọlé lójú ẹsẹ̀. Ohun tí òfin tiwa sọ gan-an nìyẹn. Wọn kò pọ̀.

Ohun kan wà tí n kò gbọ́dọ̀ fò. Ọ̀nà tó yá dé ìdí ẹ̀rọ kò túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ náà bá ara ọmọ mu. Ọmọ tí kò lè fi ọwọ́ di irin mú tàbí tí ọrùn rẹ̀ kò lágbára kò gbọ́dọ̀ gun ẹ̀rọ tó ń ta ènìyàn sókè sódò, bí ó ti wù kí ó sunkún tó. Kí ọmọ tó ní wárápá tàbí àìsàn ọkàn rí dókítà rẹ̀ kí ọjọ́ ọdún tó dé. Omi tútù tí wọ́n ń rọ́ kiri nínú adágún ìwẹ̀ ọgbà lè dá ìrora sílẹ̀ fún ọmọ tó ní fònikú-fọ̀ladìde, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ọmọ tí kò gbọ́ràn gbọ́dọ̀ fi ojú rí ìtọ́ni kí ẹ̀rọ tó gbéra, kí òun àti òṣìṣẹ́ sì ti jọ fẹnu kò lórí àmì tí yóò ṣe bí ẹ̀rù bá bà á. Òṣìṣẹ́ tó bá sọ pé rárá lórí ọ̀rọ̀ ààbò, tó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kò ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀.

Òfin ọdún 2019 fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti tún ẹnu ọ̀nà àti àtẹ̀gùn wọn ṣe kí àwọn àkàndá ẹ̀dá lè máa wọlé láìsí ìdíwọ́. Ọdún márùn-ún náà pé ní oṣù kìíní ọdún 2024. Ọ̀rọ̀ ìlà kò tilẹ̀ sí lára ohun tí wọ́n fún ní ọdún márùn-ún. Láti ọjọ́ tí òfin ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ó ti yẹ kí ó máa ṣẹlẹ̀. Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá ní orílẹ̀-èdè yìí, èyí tí òfin náà dá sílẹ̀, wà ní Àbújá níbí, ó sì lè gba ẹ̀sùn. Ní Èkó, òfin tó jọ èyí ti wà láti ọdún 2011, àjọ tirẹ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá ń múra fún Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé tó máa ń wáyé ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún, tàbí fún ọdún èyíkéyìí, ẹ pe ọgbà náà lórí tẹlifóònù ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Ẹ béèrè ẹni tí ẹ lè rí bí ẹ bá dé, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ tètè lọ kí oòrùn tó mú, tàbí kí ẹ lọ ní ọjọ́ iṣẹ́ tí èrò kò pọ̀. Ẹ gbé omi, fìlà, aṣọ òtútù àti oògùn ọmọ dání. Bí ọmọ bá ní ọ́tísíìmù, ohun tí a fi ń bo etí yóò ràn án lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni àwòrán àwọn ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ náà, tí ẹ ti fi hàn án nílé. Bí òṣìṣẹ́ bá sì bi yín pé kí ló ṣe ọmọ yín, ẹ kò jẹ ẹ́ ní gbèsè ìtàn àìsàn rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé kò lè dúró sójú kan ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, kí ẹ sì bi í ní aago tí ẹ lè padà wá.